Ṣúgà Pupa Inú Abọ́ Aláwọ̀ Aró

Iṣẹ́ tíì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín; ẹ rẹ́rìn-ín tán ná kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò dì mú, mo sì bi í pé ta ni yóò jókòó ka ìtàn obìnrin tó ń gbé tíì kiri ọ́fíìsì. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má retí pé màá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Sìdíkátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Ṣàngótẹ̀dó ni mo kọ́ yàrá méjì mi sí. Ní ọ́fíìsì, Màmá Tíì ni gbogbo wọn ń pè mí, àwọn kan sì bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá láìmọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gùn: ọkọ àbúrò ìyá mi ni mẹsẹ́ńjà níbẹ̀, ó ní wọ́n ń wá obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo sì lọ. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Lámídì. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ́fíìsì wa wà nígbà yẹn, lórí àjà kẹrin, àtẹ̀gùn la sì ń gùn. Bàbá yìí ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé òyìnbó ní Ìkòyí kí òyìnbó náà tó padà sí ìlú rẹ̀, ohun gbogbo tó rí níbẹ̀ ló sì kó wá sí kíṣìnì wa bí ẹni kó ogún wálé. Kóòtù funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kì í jẹ nǹkan kan lójú wa, kì í sì í jókòó.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ewé tíì. Omi lásán ni mò ń gbé. Ọ̀gá Lámídì yóò bu omi gbígbóná kún ife mẹ́fà, yóò tò wọ́n sórí tíréè, èmi yóò gbé e láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹrin, màá sì tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí omi bá kán sínú ṣọ́sà kan ṣoṣo, ó di àtúngbé. Kì í pariwo. Yóò kàn fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá ṣọ́sà tó lómi náà pẹ́pẹ́, yóò ní, "Tún un gbé." Lọ́jọ́ kan mo gbé e nígbà méje, mo bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó wo ojú mi, ó wo tíréè.

Ó ní, "Tí omijé bá kán sínú ife ńkọ́?"

Mo nu ojú mi, mo tún un gbé.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi gbígbóná ṣan ife kí tíì tó wọ inú rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí mọ̀ pé kẹ́tùlù fẹ́ hó. Ó kọ́ mi láti fi orí mọ iye ṣúgà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu: ọ̀gá ìṣírò, hóró mẹ́ta, akọ̀wé àgbà, hóró kan, àlejò tó bá ti sanra tó sì ń mí gúlegúle, kó o gbé gbogbo abọ́ ṣúgà síwájú rẹ̀, kó o yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kò gbọdọ̀ kọ ọ́ síwèé. Bí mo bá ṣi ti ẹnì kan fún, Ọ̀gá Lámídì yóò ní kí n ka ti gbogbo òṣìṣẹ́ wa fún òun kí n tó jẹun ọ̀sán. Kò sí irọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ló kọ́ mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n òfin méjì ló fi lé mi lọ́wọ́, òfin méjèèjì yẹn ló sì bá mi gé ẹsẹ̀ ọmọlúàbí kan. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn, bó ṣe rí sì nìyẹn.

Òfin kìn-ín-ní: páálí àti náílọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ dé iwájú àlejò. Ohunkóhun tí a bá rà, inú abọ́ tánganran ni kí a dà á sí, kí a sì ju páálí rẹ̀ nù. Ó ní ilé òtòṣì ni wọ́n ti ń gbé páálí ṣúgà ka orí tábìlì. Lọ́jọ́ kan tí abọ́ ń gbẹ lọ́wọ́, mo gbé páálí ṣúgà lọ síwájú àwọn kan tó ń ṣe mítíìnì. Ọ̀gá Lámídì ní kí n gbé páálí náà sórí tíréè, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mítíìnì títí wọn yóò fi jáde. Wákàtí méjì ni mo dúró. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ń bi mí pé ṣé mo ń ta ṣúgà ni.

Òfin kejì: aláàsè tíì kì í béèrè ìdí. Ohun tí àlejò bá ní kó o gbé wá ni kó o gbé wá. Tó bá ju nǹkan sínú ife rẹ̀, ojú rẹ kò rí i. Ó máa ń sọ pé, "Tíì ni wọ́n gbà ọ́ fún, wọn ò gbà ọ́ fún ọ̀rọ̀." Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì, abéèrè máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí méjì. Mo gba òfin yẹn gbọ́ bí mo ṣe gba pé oòrùn ń yọ.

Nígbà tí bàbá náà kú, èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n kó ọ́fíìsì wá sí Igbó Ẹfọ̀n, sínú ilé onígíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ìgbà náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú mi. Sítóòfù kẹrosíìnì ni mo bá níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí èéfín rẹ̀ ń wọ ihò imú; gáàsì rọ́pò rẹ̀; kẹ́tùlù oníná tún rọ́pò gáàsì, bí iná bá sì lọ nígbà tí àlejò jókòó, ojú mi á máa ṣe yòyò. Fíláàsì ńlá dé, ẹ̀rọ omi tó ń pọn gbígbóná àti tútù dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ kọfí kan tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀rọ náà ń dá kọfí ṣe, ó sì ń dá ara rẹ̀ bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó bá bà jẹ́ ni wọ́n máa ń rántí pé mo wà láàyè. Ewé tíì tí à ń rẹ sínú ìkòkò di èyí tí wọ́n so mọ́ okùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́, kò sí èyí tó mú mi lómi. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni abọ́ tánganran àti òfin méjì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣúgà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àlejò kan wá lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà obìnrin, ó ní òun kì í mu ṣúgà, ó ní ṣé a ní ohun tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò. Ojú tì mí, nítorí a kò ní. Mo lọ bá Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọbìnrin tó ń ra nǹkan fún ọ́fíìsì, mo ní kó bá wa wá a. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ṣúgà pupa dé nínú páálí tó rẹwà, tí wọ́n ya ìrèké sí lára.

Ó ní, "Mọ́mì, èyí ni àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò o. Òrìjínà ni, wọn ò fi kẹ́míkà sí i. Gbogbo àwọn ìyàwó ọlọ́rọ̀ ní Lẹ́kì, òun ni wọ́n ń lò."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú abọ́ tánganran aláwọ̀ aró kan tí a kì í sábà lò, mo da ṣúgà pupa náà sínú rẹ̀, mo sì ju páálí rẹ̀ nù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè ka ohun tó wà lára páálí. Mi ò kà á. Kí ni mo fẹ́ kà á fún? Àǹtí Fúnkẹ́ ti lọ sí yunifásítì, èmi kò lọ. Òun tún ló tẹ káàdì kékeré kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà fún, a sì gbé káàdì náà ti abọ́ aláró. Ẹ wò ó báyìí: páálí tó sọ òótọ́ ni mo jù sínú ìdọ̀tí, káàdì tó parọ́ ni mo gbé síwájú èèyàn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé e.

Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, kì í bu nínú abọ́ aláró. Kì í bu nínú funfun náà. Àpótí kékeré kan wà nínú àpò àyà rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ lórí, hóró funfun méjì tí kò tó ojú ẹja yóò bọ́ sínú tíì rẹ̀. Mo rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ mọ̀ pé aláàsè tíì kì í béèrè.

Àlàájì Músílíù ni dírẹ́bà rẹ̀. Ẹ̀yìn Thomas Estate ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pa ìrun jẹ rárá. Tó bá ti gbé Ọ̀gá Àgbà dé láàárọ̀, kíṣìnì mi ló ń wá jókòó. Lọ́jọ́ kan ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi.

Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ìyá Ràṣídá, wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan o. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ nílé iṣẹ́ yìí, wọ́n á ní ojú mi lè ṣú lórí ọ̀nà, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ wo ni màá tún rí ṣe ní ọjọ́ orí mi yìí?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣé tíì lẹ ń rò? A ní tiyín nílẹ̀."

Mo gbé abọ́ aláró fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣàdúrà fún mi àti fún àwọn ọmọ mi. Ní ti ṣúgà funfun, ṣíbí méjì ló máa ń mu kí àìsàn tó dé. Ní ti pupa tí wọ́n ní kò léwu, ó ń mu mẹ́rin. Èmi ni mo ní kó mu mẹ́rin. Mo ní, "Ẹ bu sí i, Àlàájì, tiyín ni." Mo tún ń di í sínú náílọ́ọ̀nù fún un kó máa mú un lọ sílé. Nígbà ààwẹ̀, òun ni ìyàwó rẹ̀ ń bù sí kókó sàárì. Ó sọ fún àwọn méjì kan ní mọ́ṣáláṣí rẹ̀ tí wọ́n ní irú àìsàn kan náà, wọ́n sì ń ránṣẹ́ kí mi pé Ọlọ́run yóò san án fún mi. Ẹ gbọ́ mi? Mo di dókítà nínú kíṣìnì.

Tó bá lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ti gòkè. Wọn yóò bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń mu ṣúgà?" Yóò ní rárá. Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi Kùránì búra, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Láàárín gbogbo àwọn aláṣọ funfun yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi í pé, "Tí ẹ ò bá mu ṣúgà, kí lẹ wá ń fi sí tíì?" Ìbéèrè kan péré. Ó dà bíi pé Ọ̀gá Lámídì ló kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́.

Òjò ọdún náà pọ̀. Omi kún ọ̀nà ilé Ọ̀gá Àgbà ní Lẹ́kì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kòtò wà mọ́. Àlàájì bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sọ̀kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ wọn omi níwájú ọkọ̀ títí wọ́n fi kọjá. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó wọ kíṣìnì mi wá gba tíì. Mo rí àmì pupa lórí táìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ̀jẹ̀ lẹ ń tẹ̀ kiri o."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló bá a wọlé. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ìṣó tó ti dípẹtà ló dúró ṣinṣin sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ mi yọ ìṣó náà, mo fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, mo sì po tíì fún un, ṣíbí mẹ́rin.

Egbò náà kò jiná. Ó ń fi bàtà bò ó lọ síbi iṣẹ́, ó ń ra oògùn egbò lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ní Ajah, títí òórùn rẹ̀ fi sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi tipátipá gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà lábẹ́ orúnkún.

Mo lọ kí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé dání, kí ojú tì mí lójú yín: fíláàsì tíì kan, àti náílọ́ọ̀nù ṣúgà pupa tó kún dáadáa, nítorí mo rò pé ti ilé rẹ̀ yóò ti tán. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó rí náílọ́ọ̀nù náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Mọ́mì, kí lèyí?"

Mo ní, "Ṣúgà àwọn onítọ̀ ṣúgà ni. Òun ló ń mu láti ọjọ́ yìí, kì í mu funfun."

Ó mú un, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e sílẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò bú mi, èyí tí ì bá sì sàn fún mi ni kó bú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣúgà ni ṣúgà yìí. Omi ìrèké dúdú díẹ̀ ló kù lára rẹ̀ tó fi pupa. Tó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í wo àwọ̀."

Mo ní, "Oyin ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣúgà ni."

"Dábínù ńkọ́? Wọ́n ní ohun tí Ànábì jẹ ni."

"Oúnjẹ gidi ni, mà, ṣùgbọ́n ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó fẹ́ fi ṣínu, ẹyọ kan ni, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́." Ó fa àpótí kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. "Èyí ni wọ́n ń pè ní súwítínà. Ó dùn lẹ́nu, kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bíi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹ máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ o, òmíràn wà tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́. Kó má sì torí pé ó ń lo èyí kó wá máa jẹ odidi búrẹ́dì pẹ̀lú mílíìkì onídídùn, ibẹ̀ náà ni ṣúgà ń gbà wọlé. Tí oògùn bá sì mú kó máa gbọ̀n, tó ń làágùn lójijì, súwítínà ò wúlò nígbà yẹn. Ṣúgà gidi ni kí ẹ fún un, kíákíá, kí ẹ sì gbé e wá. Èyí tó dáa jù lọ, mà, ni kí ahọ́n rọra gbàgbé adùn."

Mo ń wo àpótí ọwọ́ rẹ̀. Irú èyí tó ń wà nínú àpò àyà Ọ̀gá Àgbà gan-an ni.

Ìbínú ni mo bá dé Ṣàngótẹ̀dó. Inú bí mi sí Àǹtí Fúnkẹ́, inú bí mi sí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ oyin àti ṣúgà pupa ránṣẹ́ kiri lórí fóònù bí ẹni pé wọ́n kàwé oògùn. Inú bí mi sí àwọn tó ń ya ìrèké sára páálí tí wọ́n sì ń kọ òótọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà tí kòkòrò nìkan lè kà. Inú bí mi sí Ọ̀gá Lámídì nínú sàréè rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ṣùgbọ́n ṣíbí ta ni ó ń bu mẹ́rin? Ṣíbí mi ni. Bí mo bá fẹ́ tan yín, màá ní àìmọ̀kan ni. Àìmọ̀kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ju ìmọ̀ náà sínú ìdọ̀tí nítorí pé páálí kò bá tábìlì mu.

Nígbà tí mo bá Àǹtí Fúnkẹ́ sọ ọ́, ó ní, "Ah, Mọ́mì, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ lórí ọ̀nláìnì nìyẹn o. Àti pé èmi ò sọ pé kẹ́nì kankan mu ṣíbí mẹ́rin." Ó sì padà sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó ṣe parí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ èèyàn nìyẹn.

Mo fa káàdì náà ya, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn méjì ti mọ́ṣáláṣí kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, páálí ni mò ń gbé lọ síwájú àlejò, mo ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè kà á. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kò bójú mu. Mo ní kó kọ̀wé lé mi lọ. Kò kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí ọ̀gá tó le, ẹ má sá fún un. Líle kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ mi ju ẹ̀rọ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ní kí ẹ má béèrè, ẹ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ da òfin rẹ̀ padà fún un. Iṣẹ́ kékeré kò sí tó bá ti jẹ́ pé ẹnu èèyàn ni ohun tí ẹ ṣe ń lọ. Tiyín ni láti ka ohun tí ẹ fẹ́ gbé fún un.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. Nígbà tí Àlàájì lè fi ọ̀pá rìn, ilé iṣẹ́ pè é wá kí wọ́n dágbére fún un. Kọ́kọ́rọ́ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà, wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa rẹ̀, wọ́n ní ọdún mọ́kànlá tó fi wa Ọ̀gá Àgbà, ọkọ̀ kò fi ara gbá ògiri rí. Mo gbé tíì wọlé. Ọ̀gá Àgbà fa àpótí rẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́, hóró méjì bọ́ sínú ife.

Mo gbé tíréè sílẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan."

Gbogbo wọn yíjú. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Mo ní, "Kí ni ẹ ń jù sínú tíì yín yẹn?"

Ó ní, "Súwítínà ni, Màmá Tíì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà."

"Sà, kí ló dé tí ẹ ò fi bu nínú abọ́ aláró rí ní gbogbo ọdún yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Èwo? Èyí tó pupa yẹn? Ṣebí ṣúgà ni."

Mo ní, "Káàdì wà níwájú rẹ̀, sà. Ó ní onítọ̀ ṣúgà ló wà fún."

"Mo rí i. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Àlàájì Músílíù gbé orí sókè lórí àga rẹ̀. Ohùn tó máa ń fi sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Èmi ò mọ̀, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá Àgbà. Ó wo Àlàájì, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ti ká mọ́ orúnkún, ó wo èmi náà, ó dà bíi pé àpótí ọwọ́ rẹ̀ wúwo fún un. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ Àlàájì lórí tábìlì. Àlàájì kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Mi ò fi nǹkan kan sí i mọ́ báyìí."

Ó mu tíì rẹ̀ tán pátápátá, ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun ṣílẹ̀kùn.